Bàbá, Ẹ Yọ Ìwọ̀n Yẹn Lára Ìṣó

Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ kaṣú, ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ. Níbi tí mo wà yìí, lórí sìmẹ́ńtì ìsọ̀ mi ní ọjà Ajamé, ní Àbíjàn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń wò mí bíi wèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìdọ̀bálẹ̀ náà kí ẹ tó kà síwájú, nítorí tí mo bá ti dìde báyìí, ìjà ni mo fẹ́ bá yín jà.

Ìyá mi, mo kí yín. Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò sí ẹni tó kú, ara mi le. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín kà á parí. Àǹtí Sìdí, àbúrò Bàbá, mo kí ẹ̀yin náà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ pé ọmọ yìí ti ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn odi. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, mo ka ìwé mẹ́wàá, síbẹ̀ n kò tíì lè sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ kí ó dá mi lójú.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé síta, tí mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa níbí, èyí tí gbogbo ọmọ Ẹ̀jìgbò tó wà ní Àbíjàn ń kà, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sílé lórí fóònù. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí yín ní kọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya. Ní kọ̀rọ̀, ojo ni mí. Níwájú èrò ni n kò ti ní í rí ibi sá sí.

Iṣẹ́ ń lọ. Mo ti ta bẹ́líìtì rí, mo ti tún rédíò ṣe, mo ti wa takisí, n kò sì pẹ́ lórí èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ìdí mi kì í móoru lórí àga. Ní báyìí, àgádágodo, tọ́ọ̀ṣì àti ìwọ̀n kéékèèké tó ní ìkọ́ ni mò ń tà, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ibí ń fi gbé ẹja sókè, tí wọ́n ń pè ní bàláǹsì. Òjò Àbíjàn ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá rọ̀, omi á wọ ìsọ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, a ó kó ọjà sórí tábìlì, a ó sì jókòó tì í bí adìyẹ tó ń sàba. Kò sí oníbàárà, kò sí ẹni tí ènìyàn máa bá sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀, àfi kí ó máa ronú. Nínú irú òjò bẹ́ẹ̀ ni mo ti pinnu láti kọ èyí. Ẹ fi ìwọ̀n tí mo dárúkọ yẹn sọ́kàn, lórí rẹ̀ ni ìjà wa wà.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ibà gbé yín ṣánlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n gbé yín lọ sí ọsibítù, tí wọ́n fa omi sí yín lára. Ràfíátù ọmọ mi ló jókòó tì yín. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí yín láti Àbíjàn, bí gbogbo wa níbí ti máa ń ṣe, kí ó lè mọ ilé, kí ó sì kàwé nílé. Ó ti pé mẹ́tàdínlógún báyìí. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà ní wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó rán Ràfíátù lọ ra abẹ́rẹ́ níta, ó sì tún ní kí ó máa ṣọ́ omi yín, kí ó má jẹ́ kí ó tán. Ọmọ kan, iṣẹ́ méjì, ibi méjì. Kó tó padà dé, ọ̀rá omi ti rọ pẹlẹbẹ, ẹ̀jẹ̀ yín sì ti ń gun inú ọ̀pá rọ́bà náà lọ sókè, pupa bí omi sóbò. Ẹ lọgun. Gbogbo wọ́ọ̀dù dìde sí i. Ẹ ní ọmọ náà fẹ́ pa yín ni, ẹ ní ìyá rẹ̀ ló jọ. Wọ́n tọ́jú yín, ara yín yá, ẹ gbàgbé. Òun kò gbàgbé.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ya àwòrán. Ohun tó rò kò ju èyí lọ: bí omi bá ti ń tán nínú ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá ń fúyẹ́. Tí a bá gbé ọ̀rá náà kọ́ sára sípíríǹgì, sípíríǹgì á máa sún sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí omi bá kù díẹ̀, irin kékeré tó wà lára rẹ̀ á kan wáyà kan lókè, bátìrì tọ́ọ̀ṣì á sì mú kí aago dún. Nọ́ọ̀sì á gbọ́ níbi tó bá wà. Ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ á lè lọ, wọn kò ní í pè é ní apààyàn kó tó dé. Òun àti Dáníẹ́lì, ọmọ kátíkíìsì Ìfẹ̀-Ọ̀dàn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan, ni wọ́n dìde sí i. Ẹ ní kí ni ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì ń wá lẹ́yìnkùlé yín. Irin ló ń wá, Bàbá. Irin àlòkù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wọn rí, nítorí èmi tí mo wà ní Àbíjàn gbọ́ ọ lórí fóònù, ẹ̀yin tí ẹ bá wọn gbé kò gbọ́. Wọ́n lọ sí ọsibítù, wọ́n ní kí wọ́n ta àwọn lọ́rẹ ọ̀rá omi tí kò ní nǹkan nínú mọ́. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì bi wọ́n bóyá oògùn owó ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní rárá o, bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ ilé ìwé ni. Ó ní kí wọ́n lọ gba lẹ́tà wá láti ilé ìwé. Pírínsípà ní òun kò lè kọ lẹ́tà àfi tí ọsibítù bá kọ́kọ́ kọ tiwọn pé àwọn gbà. Ọsibítù ní ilé ìwé ló máa kọ́kọ́ kọ. Odindi oṣù kan ni àwọn ọmọ yìí fi ń rìn láàárín géètì méjì nínú oòrùn, bí ẹni tó ń jíṣẹ́ fún àgbà méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó sú wọn, wọ́n rọ omi sínú ọ̀rá píọ̀wọ́tà, wọ́n fi ọ̀pá bíró ṣe ẹnu rẹ̀.

Wẹ́dà tí wọ́n ní kí ó bá wọn jó irin ìkọ́ rẹ̀ pọ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n fẹ́ so mọ́ ọn ni, pé ó lágbára tó igi tí wọ́n ń so àgbò Iléyá mọ́. Tíṣà físíìsì wọn ní kò sí nínú ohun tí wọ́n máa bi wọ́n nínú ìdánwò, kí wọ́n lọ kàwé. Ọjọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ so wáyà pọ̀, tí aago àlòkù tí wọ́n rí kọ́kọ́ dún, tíṣà kan náà ló sáré wá, ó ní orúkọ òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sára bébà iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n mọ̀wé, wọn kò sì mọ ìjà.

Sípíríǹgì ló wá ṣòro jù. Ti inú bíró rọ̀ jù, ó nà gbọọrọ, kò padà. Ti ọ̀kadà le jù, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan gbé omi kọ́ òun. Ràfíátù pè mí. Ó ní Dádì, àwọn ìwọ̀n kékeré tí ẹ ń tà yẹn, sípíríǹgì inú wọn ni àwọn ń wá, ọ̀kan péré, àwọn máa tú ikùn rẹ̀ ni. Bàbá, ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti nílò ohun tí mò ń tà, tí kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ nájà. Inú mi dùn débi pé mo mú èyí tó dára jù nínú wọn, mo nù ún, mo sì fi aago oníbátìrì kan tì í.

Ẹ mọ bí ẹrù Àbíjàn ṣe máa ń dé ilé wa. Kì í ní orúkọ ẹnì kan lórí. Iwájú yín ni awakọ̀ ń gbé e sí. Wọ́n á tẹ́ ẹní, ẹ ó tú okùn, ẹ ó sì pín in bó ṣe wù yín. Ẹni tó bá kọ orúkọ ọmọ sórí ẹrù ti fi ọmọ ṣáájú bàbá. Èmi baba ọlọ́mọ, mo mú bíró, mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ọmọ mi sórí báàgì náà, ẹ̀rù bà mí, mo pa á rẹ́, mo kọ FÚN ILÉ.

Ẹ tú u. Ìyá mi gba aṣọ. Àwọn ọmọdé gba bisikíìtì. Àǹtí Sìdí gbé aago lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, kí àwọn ọmọ má bàa já wọlé bá wọn. Ìwọ̀n sì wọ ìsọ̀ kaṣú yín, ẹ kọ́ ọ sára ìṣó, ẹ ń fi í wọn kaṣú tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń ṣà wá láti oko nínú ọ̀rá kéékèèké.

Ràfíátù rí i níbẹ̀. Kò mọ̀ pé tòun ni. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ yá òun. Ó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún yín. Ẹ ní ìwọ̀n oníṣòwò kì í kúrò lójú kan. Ká ní ibẹ̀ ni ẹ dúró sí, ǹ bá má sọ̀rọ̀. Ẹ tún fi kún un pé ọmọ tí kò lè ṣọ́ baba àgbà rẹ̀ fún wákàtí kan, kí ló fẹ́ fi ìwọ̀n ṣe. Bàbá mi, mo bínú sí yín. Mo ti kọ ọ́, mi ò ní í pa á rẹ́ bí mo ṣe pa orúkọ ọmọ mi rẹ́. Tìtorí yín ló ṣe ń ṣe é! Nítorí ẹ̀jẹ̀ yín tó gun rọ́bà ni ọmọ yìí kò fi sinmi láti ọdún kan!

Wọ́n gé rọ́bà túùbù ọ̀kadà, wọ́n fi í rọ́pò sípíríǹgì. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ nílé, aago dún. Wọ́n tún dán an wò, ó dún. Ọjọ́ tí ilé ìwé pe àwọn òbí àti àwọn ará ọsibítù pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ, láti àárọ̀ ni wọ́n ti ní kí wọ́n gbé omi kọ́, kí ohun gbogbo ti wà ní sẹpẹ́. Àwọn ẹni ńlá tí wọ́n ń retí kò dé, ó di ọ̀sán. Rọ́bà tí ó ti ń gbé omi láti àárọ̀ ti nà, ó ti kú, kò lè fà padà mọ́. Nígbà tí wọ́n wá tú ẹnu ọ̀rá níwájú gbogbo èèyàn, omi ń kán, ó ń kán, ó tán. Rọ́bà kò sún sókè. Aago kò dún. Ẹnì kan láàárín èrò ní ṣé aago àwọn ọmọ yìí ń gbààwẹ̀ ni. Òmíràn ní kí Dáníẹ́lì fi ẹnu dún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìlú tí kò lè ṣe abẹ́rẹ́ ìránṣọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin wà ní ìlà iwájú, Bàbá. Ẹ dìde, ẹ gbọn agbádá yín, ẹ ní ṣebí ẹ ti sọ, ẹ sì jáde.

Nọ́ọ̀sì tó dá wà ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ yín gun rọ́bà wà níbẹ̀. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ síwájú, ó fi ìka fa rọ́bà náà, ó ní rọ́bà ló purọ́, àwọn ọmọ kò purọ́. Ó ní tí wọ́n bá rí sípíríǹgì gidi kí ilé ìwé tó tì fún ìsinmi, kí wọ́n gbé e wá bá òun, òun á fi omi lásán kọ́ ọ sí wọ́ọ̀dù, òun á máa wò ó lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, tó bá sì ń dún, òun fúnra òun á kọ lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kọ.

Ilé ìwé máa tó tì. Ràfíátù sì ti kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, ó ní òun kò ṣe mọ́, òun fẹ́ wá bá mi ta àgádágodo ní Àbíjàn. Wọ́n ní ẹ ti ń bi awakọ̀ pé ìgbà wo ni ọkọ̀ ń padà lọ.

Dáníẹ́lì ló sọ gbogbo èyí fún mi. Ó gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́. Dádì Ràfíà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ má bínú pé mo dà yín láàmú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ń bèèrè bóyá ìwọ̀n tí mo ní ó wà lọ́nà ti kọjá bọ́dà. Òjò ń rọ̀, omi wà lábẹ́ àga mi, mo gbọ́ ohùn ọmọ ọlọ́mọ yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ìwọ̀n tí mo ní ó wà lọ́nà. Mo mọ̀ pé ibi tí ẹ kà dé yìí, Bàbá, ẹ ti ń lu orúnkún yín, ẹ ń sọ fún Ìyá mi pé irọ́ ni Múfútáù ń pa, pé ẹ bi mí. Òótọ́ ni. Ẹ bi mí.

Lọ́jọ́ tí ẹ tú ẹrù náà ni ẹ pè mí. Ẹ ní ẹ rí ìwọ̀n kan nínú rẹ̀, ó sì jọ pé ojú Ràfíátù wà lára rẹ̀, ẹ ní ta ni mo fi í ránṣẹ́ sí. Ẹ bi mí pẹ̀lú ìfẹ́, ohùn yín tutù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n mo ronú pé kò sí nǹkan kan nínú ẹrù yẹn tó jẹ́ tiyín gan-an. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fáànù ńlá ránṣẹ́ sí bàbá tirẹ̀ ni, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Ojú tì mí. Mo ní tiyín ni, Bàbá, ẹ̀yin ni mo rà á fún, kí ẹ lè máa fi wọn kaṣú. Ẹ ṣàdúrà fún mi, ó pẹ́. Mo ń ṣe àmín.

Ọjọ́ kejì, ọmọ mi pè mí, ó ní òun kò rí ìwọ̀n nínú ohun tí wọ́n pín fún òun. Mo ní yóò wà nínú èyí tó ń bọ̀, pé ọkọ̀ ló há sí bọ́dà Tógò. Oṣù méjì ni mo fi sọ pé ọkọ̀ há sí bọ́dà. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Ìwọ̀n ọmọ mi kọ́ sí iwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, òun sì ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yá òun. Ẹ ṣẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu yín, mi ò sì ní í kó ọ̀rọ̀ yìí jẹ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi í sí ibi tí ẹ ti rí ọ̀nà ṣẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, Bàbá, ẹ yọ ìwọ̀n yẹn lára ìṣó. Kì í ṣe pé kí ẹ yá a. Ẹ fún un. Wọ́n máa tú ikùn rẹ̀, kò ní í wọn kaṣú mọ́ láéláé. Ẹ lè ní kí n fi òmíràn ránṣẹ́. Ó tó bíi mẹ́wàá lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní í dé kí ilé ìwé tó tì, ìyẹn kọ́ tilẹ̀ ni olórí ọ̀rọ̀. Èyí tó wà lára ìṣó yẹn ni mo purọ́ lé lórí, òun ló gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ sì má sọ pé ẹ̀bùn ni. Ẹ sọ fún un pé tirẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé nọ́ọ̀sì kò mọ̀, pé rọ́bà nìkan kọ́ ló purọ́.

Ó lè má gbé fóònù mi mọ́ lẹ́yìn èyí. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á fi sípíríǹgì gidi sí i, kí aago náà má dún síbẹ̀, n kò mọ̀, físíìsì ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò tèmi. Tí kò bá dún, kí ó jẹ́ pé irin ló kọ̀. Kí ó má jẹ́ àwa.

Ẹ bá mi kí àwọn ará Àrá, ẹ kí àwọn ẹbí Ìyá mi ní Ìsúńdúnrín. Ẹ kí kátíkíìsì, ẹ ní mo dúpẹ́ pé ó bí Dáníẹ́lì. Àǹtí Sìdí, tí aago ẹnu ọ̀nà yín bá tún dún, ẹ ti mọ ẹni tó ni ín báyìí. Bàbá, kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí ó má jẹ́ kí wọ́n tún fa omi sí yín lára. Tí wọ́n bá sì fà á, kí aago ó dún.

Gbogbo ohun tó bá ti Àbíjàn dé lẹ máa ń tú, tí ẹ ó sì pín. Ẹ tú lẹ́tà yìí náà lórí ẹní, níwájú gbogbo ilé, kí ẹ pín in: ìbínú inú rẹ̀, ẹ mú ìdajì, ẹ fi ìdajì sílẹ̀ dè mí di ọjọ́ tí mo bá wálé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ti Ràfíátù sọ́tọ̀. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sí i báyìí, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló pé.

Èmi ni ọmọ yín,
Múfútáù